Arákùnrin Wa Tí Mo Jẹ́ Kí Wọ́n Dáná Sun

Ẹ̀yin ìjọ, ẹ má tíì dìde lọ wọ bàtà yín. Ìrun Jímọ̀ ti parí, ṣùgbọ́n Efendi Muharem, ìmọ́ọ̀mù wa, ti yọ̀ǹda pé kí n bá yín sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun pàápàá kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Àìsàn tó wọ inú ẹ̀dọ̀ mi ti ju agbára àwọn oníṣègùn lọ. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ tí àwọn ará Swídìn máa ń fi sọ ohun tí kò ní àtúnṣe. Èmi Zaim, tí ẹ fi ṣe alága láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, tí ẹ ń pè ní bàbá tó gba mọ́sálásí fún wa, ẹrù kan wà láyà mi tí n kò gbọdọ̀ gbé wọ inú ilẹ̀. Àwọn máláíkà tí yóò bi mí léèrè nínú sàréè kì í gba àwáwí. Nítorí náà, òtítọ́ yóò jáde lónìí, ì báà fa ẹnu mi ya.

Púpọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ kò mọ Holger. Ọmọ bíbí ìlú yìí ni. Òun ló ń pọ́n eyín ayùn ní ilé ìlagi tí èmi àti olóògbé Hamdija ti rí iṣẹ́ nígbà tí ogun lé wa jáde ní Bọ́snìà. Nígbà tí àwọn yòókù ń jẹun lọ́tọ̀, tí wọ́n sì ń wò wá bí ẹni ń wo àlejò tó pẹ́ jù, Holger á gbé ife tirẹ̀ wá sínú yàrá tí a ti ń gbẹ pákó, nítorí ibẹ̀ móoru, ibẹ̀ náà ni a sì ti ń kírun ọ̀sán. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á jókòó lórí pákó, á máa wò wá bí a ti ń forí kanlẹ̀, bí ẹni tí òtútù mú ṣe ń wo iná.

Hamdija kì í jẹ́ kó sinmi. Á ní, "Holger, gbogbo kọfí wa lo ti mu tán. Ó ku ààwẹ̀ nìkan tí o ò tíì bá wa pín."

Holger á dáhùn pé, "Ààwẹ̀ kẹ̀? Níbi tí oòrùn kì í fẹ́ wọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá láti ibi tí oòrùn ti ní làákàyè, ẹ máa gbà á."

"Oòrùn yín jọ ìyá ìyàwó mi. Tó bá ti dé, kì í mọ ìgbà tó yẹ kó padà sílé."

Ní ọjọ́ kan nígbà tí ewé ń rẹ̀, Holger pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó fọ ojú, ó fọ apá dé ìgúnpá, ó fọ ẹsẹ̀ nínú òtútù gẹ́gẹ́ bó ti máa ń rí i tí a ń ṣe, ó sì wá dúró níwájú wa. Ó ní, "Mo fẹ́ di ọ̀kan lára yín. Kí ni kí n sọ?" Omi bọ́ lójú Hamdija. Ó pe ọ̀rọ̀ ìjẹ́rìí náà fún un díẹ̀díẹ̀, Holger sì pè é tẹ̀ lé e pẹ̀lú ahọ́n rẹ̀ tó wúwo, pé kò sí ọlọ́run kan àyàfi Allāhù, pé Muhammadu ìránṣẹ́ Rẹ̀ ni. Ẹ̀sìn wa kò béèrè ju èyíinì lọ. Ẹlẹ́rìí méjì ló wà níbẹ̀, Hamdija àti èmi. Ó yan Junuz ní orúkọ, orúkọ Ànábì tí ẹja gbé mì, ó ní òun náà ti sá fún Ọlọ́run pẹ́ kí ọwọ́ Rẹ̀ tó tẹ òun. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀ wá pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ fún Gunhild." Gunhild ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ìlú sì ni. Ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ ṣìnà. Iwájú ìjọ ló yẹ kí a mú un wá ní ọjọ́ Jímọ̀, kí ojú púpọ̀ lè rí i. A fi í pamọ́ bí ẹni tó jí nǹkan gbé.

Hamdija kú ní ìgbà òtútù yẹn. Nígbà tí a ń da iyẹ̀pẹ̀ bò ó, Junuz fà mí lápá aṣọ, ó ní, "Zaim, tó bá kàn mí, bí ẹ ṣe ṣe bàbá yìí ni kẹ́ ẹ ṣe mí. Ẹ fi omi wẹ̀ mí, ẹ fi ojú mi kọ ibi tẹ́ ẹ ń kọ ojú sí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi mí sínú iná bíi ti bàbá mi." Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ọwọ́ mi ló wà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun ni ìbejì ẹ̀ṣẹ̀ mi: ìlérí ni mo kọ́kọ́ bí, kí n tó bí ìdàlẹ̀.

Abẹ́ ilé ni a ti ń kírun nígbà náà, lábẹ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta táyà, níbi tí omi ti ń kán sí wa lórí. A ti bẹ ìgbìmọ̀ ìlú pé kí wọ́n fún wa ní ilé ìwé àtijọ́ tí wọ́n tì pa. Ìwé ìròyìn ìlú ń kọ ọ́ pé a wá dọdẹ ọmọ onílé. Ẹnì kan gbé orí ẹlẹ́dẹ̀ há ẹnu ọ̀nà wa; èmi ni mo fi ọwọ́ mi gbé e kúrò kí àwọn ọmọ wa tó rí i. Láti ọjọ́ náà ni ìbẹ̀rù ti di olùdámọ̀ràn mi, mo sì ń pè é ní ọgbọ́n.

Nígbà tí yìnyín yọ́ tán, Junuz ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, kò sì dìde mọ́. Gunhild wá sílé mi. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní, "Zaim, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ọn jù. Mo rí ẹní ìkírun àti fìlà funfun nínú yàrá rẹ̀. Ẹ sọ fún mi, ṣé ó ti di ọ̀kan lára yín? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kàn sọ ọ́, màá jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe é bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é. Ohun tó fẹ́ ni mo fẹ́."

Ẹ gbọ́ bí obìnrin náà ti ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Kò sí ẹni tó fi ìbọn sí mi lórí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ni àkọlé ìwé ìròyìn, pé Mùsùlùmí gba òkú lọ́wọ́ ọmọ ìgbìmọ̀. Mo rí ilé ìwé náà tó ń bọ́ lọ́wọ́ wa. Mo ní, "Rárá o. Ọ̀rẹ́ wa lásán ni. Èmi ni mo fún un ní ẹní yẹn, ó kàn fi ṣe ìrántí ni."

Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ó dáa, a máa sun ún bí a ṣe sun bàbá wa." Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, sun, mo sì ṣí ilẹ̀kùn fún un kó lè máa lọ.

Efendi Muharem pè mí ní ọjọ́ kejì. Efendi, ẹ ó rántí. Ẹ ní, "Alága, àwọn ará ibi iṣẹ́ yín ní àwọn rí ọkùnrin yẹn tó ń forí kanlẹ̀. Ṣé ẹlẹ́rìí kan wà? Tó bá wà, ẹ jẹ́ kí n lọ bá àwọn ẹbí ẹ̀ lónìí." Mo dá yín lóhùn pé kí a fi òkú onílé sílẹ̀ fún onílé. Ẹ gbà, nítorí pé alága ló sọ ọ́. Ẹ̀bi náà kò kàn yín, orí mi ló wà.

Síbẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Gunhild ní kí n wá sọ̀rọ̀ nílé ìsìn wọn gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́. Ǹ bá ní ara mi kò yá. Mo wọ kóòtù dúdú, mo sì lọ. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí náà níwájú gbogbo ìlú, mo ní, "Holger gbé ayé nínú ìgbàgbọ́ àwọn bàbá rẹ̀, inú rẹ̀ náà ló sì kú sí." Kò sí ẹni tó bi mí ní ìyẹn o. Èmi ni mo fi kún un, kí ọkàn àwọn ará ìlú lè balẹ̀ sí wa. Mo rí bí wọ́n ṣe ń mi orí, inú mi sì dùn. Inú mi dùn, ẹ̀yin ènìyàn, nígbà tí ọwọ́ mi wà lórí pósí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ síbi iná, mo fẹ́ ṣe àdúrà òkú fún un nínú ọkàn mi, ahọ́n mi kò gbà. Mo mọ̀ pé Ọba tó mọ ènìyàn láti inú amọ̀ lè kó eérú jọ. Ọkàn Junuz kò sọnù. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́rùn mi ló jóná.

Wọ́n fún wa ní ilé ìwé náà. Òun ni a jókòó sí yìí. Ẹ gbé mi sókè, ẹ kọrin.

Ní oṣù tó kọjá ni mo lọ bá Gunhild, tó ti darúgbó báyìí, mo sì tú gbogbo rẹ̀ fún un. Kò pariwo. Ó ní, "Mo bi yín léèrè."

Mo ní, "Ẹ bi mí."

"Mo ní màá ṣe é bẹ́ ẹ bá ṣe wí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Nítorí ilé ìwé ni. Ẹ̀rù bà mí pé ẹ ò ní fún wa mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín kan tó burú ju ẹkún lọ. Ó ní, "Ilé ìwé wo? Ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i kí àbúrò mi tó kú. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín lọ́jọ́ tí mo wá sílé yín. Ẹkún ni ò jẹ́." Lẹ́yìn náà ó ní, "Mi ò mọ̀ bóyá màá lè dárí jì yín. Ẹ kọ́kọ́ lọ sọ fún àwọn tẹ́ ẹ purọ́ nítorí wọn. Mo fẹ́ wà níbẹ̀." Òun nìyẹn lórí àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, a ń bẹ ìlú yìí pé kí wọ́n ṣe ìdájọ́ òdodo fún wa, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó kéré jù láàárín wa, tí kò ní ẹlòmíràn nínú ìgbàgbọ́ yìí ju èmi lọ, èmi alága ni mo rẹ́ ẹ jẹ. Bí ẹ bá kéré níye, ẹ má jẹ́ kí òtítọ́ yín kéré. Ẹni tó bá ti ọwọ́ yín wọlé, ẹ má fi í ṣe àlejò tí a lè fi ra ojú rere. Ní báyìí, kí ẹ tó dá mi lóhùn rárá, mo bẹ̀ yín, ẹ dìde kí ẹ ṣe àdúrà òkú tí mo fi du Junuz. Èmi yóò dúró sí ẹ̀yìn pátápátá.

Ẹ sì mọ àṣà wa: bí ọ̀kan nínú wa bá kú, ìmọ́ọ̀mù á bi àwọn tó dúró ti òkú pé irú ènìyàn wo ni, ṣé ẹ sì dárí jì í, gbogbo ènìyàn á sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé ènìyàn rere ni, a dárí jì í, láìronú. Nígbà tó bá kàn mí, kò ní pẹ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Efendi, ẹ kọ́kọ́ bi Gunhild. Bó bá dáhùn, kí ẹ dáhùn tẹ̀ lé e. Bó bá dákẹ́, kí gbogbo yín dákẹ́, kí ẹ sì rọra da iyẹ̀pẹ̀ bò mí.