Ṣọ́ọ̀kì Ẹ̀yìn Tí Aránṣọ Yàn fún Ọkọ Rẹ̀

"Sún àga ẹ mọ́ mi," ni ìyàwó sọ fún ọkọ rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un. "Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Mi ò fẹ́ gbé e wọ yàrá yẹn lọ́la. Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí o tó dá mi lóhùn."

Ọkọ sún àga mọ́ ibùsùn ọsibítù tí ìyàwó dùbúlẹ̀ sí. Ó rò pé ọ̀rọ̀ àìsàn náà ni, ó sì ti ń wá ọ̀rọ̀ ìtùnú sẹ́nu. Aránṣọ ni ìyàwó yìí, ogójì ọdún ló fi jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, Abẹ́rẹ́ sì ni ọkọ ń pè é láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra. Wẹ́dà ni ọkọ kó tó fẹ̀yìn tì.

"Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹ ni," ni Abẹ́rẹ́ wí.

Ọkọ wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa.

Ọkọ̀ tí à ń wí yìí, ọkọ̀ ayé àtijọ́ ni, onílẹ̀kùn méjì, imú rẹ̀ gùn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì máa ń bú bíi kìnnìún tí wọ́n jí lójú oorun. Ọdún mẹ́fà gbáko ni ọkọ fi jó irin ara rẹ̀ pọ̀ fúnra rẹ̀. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ló máa ń gbé e jáde, á gba ọ̀nà gbágungbàgun lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó lè rìn jìnnà mọ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á padà dé tòun tẹ̀rín, á máa rántí ohun tí wọ́n jọ sọ, á tún máa rẹ́rìn-ín.

"Nígbà tí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn kú," ni Abẹ́rẹ́ ń bá a lọ, "tí ìdí ọkọ̀ ń fò bíi bọ́ọ̀lù, ibà dá ẹ dùbúlẹ̀. O ní kí n lọ bá ẹ yan òmíì lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, torí ọwọ́ mi mọ èyí tó le yàtọ̀ sí èyí tó rọ̀. O ní, 'Èyí tó rọ̀ ni kí o mú o, kó máa rọra mì bí ìgbà tí ìyá ń rẹ ọmọ.' Ṣé o rántí?"

"Mo rántí."

Mẹkáníìkì tẹ́ oríṣi méjì kalẹ̀ lórí páálí. Dúdú ni méjèèjì, wọ́n sì gùn bákan náà. Ó ní kí Abẹ́rẹ́ tẹ̀ wọ́n wò. Àkọ́kọ́ rọra wọlé, ó rọra jáde, bí ẹni ń mí. Èkejì, ìgbà tí ó gbé gbogbo ara lé e ló tó wọlé díẹ̀. Ọkọ̀ tó ń kó ẹrù wúwo ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. "Ìyá, ẹ má mú un," ni mẹkáníìkì wí. "Ẹni tó bá jókòó sórí eléyìí, gbogbo kòtò ojú títì ló máa mọ̀ lórúkọ." Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Òun gan-an ni ọkọ mi ní kí n mú."

"Mo máa ń sọ fún ara mi pé torí eré tí ò ń sá ni," ó wí fún ọkọ rẹ̀, "pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Irọ́ ni. Owú ni mo ń jẹ. Gbogbo Sátidé ni mò ń gbọ́ ẹ̀rín ẹ lẹ́nu ọ̀nà, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni mo pa ẹ́ lẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà bíi tèmi. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí."

Kò ju Sátidé méjì lọ tí ọkọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í di ìbàdí mú wọlé. Ó bi í bóyá ṣọ́ọ̀kì yìí kò le jù, Abẹ́rẹ́ ní mẹkáníìkì sọ pé yóò rọ̀ tó bá yá. Mẹkáníìkì fúnra rẹ̀ ti kó lọ sí ìlú mìíràn. Nígbà tó di oṣù kejì, ọkọ kò bi í mọ́, ara rẹ̀ ló ń fura sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó jókòó sétí ibùsùn, ó ní, "Abẹ́rẹ́, ó jọ pé mo ti darúgbó." Abẹ́rẹ́ fi ìpara pa á níbàdí, ó ń fọwọ́ ra á jẹ́jẹ́, kò sì dárúkọ ṣọ́ọ̀kì.

"Ibẹ̀ ni ó yẹ kí n ti dúró," ó wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n a lọ rí dókítà. Ó bi ẹ́ pé ṣé inú ọkọ̀ yẹn nìkan ló ti ń dùn ẹ́. O fẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, mo já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ẹ lẹ́nu. Mo ní ò ń kérora lórí àga nílé. Mo ní lójú oorun pàápàá. Kò sí òótọ́ kankan níbẹ̀. Torí ẹ̀ ni dókítà ṣe ní kí o má gba ọ̀nà gbágungbàgun mọ́, ì báà ṣe nínú bọ́ọ̀sì. O wo ojú mi, o ní bóyá mo mọ̀ jù ẹ́ lọ, torí èmi ni mò ń sùn tì ẹ́. O gbà mí gbọ́ ju ara ẹ lọ."

Bí ọkọ̀ náà ṣe wọ abẹ́ àtíbàbà nìyẹn. Abẹ́rẹ́ ló rán aṣọ tí wọ́n fi bò ó, ó sì rán an dáadáa, bí aṣọ ìgbéyàwó. Oṣù méje lẹ́yìn náà, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kú. Ìyàwó rẹ̀ sọ lórí fóònù pé títí ó fi kú ló ń ní kí wọ́n gbé àga òun sẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀ Sátidé, bóyá ara ọ̀rẹ́ òun á ti yá.

"Ìwọ ni o ò jẹ́ kí n rí i," ni ọkọ wí. Kò gbóhùn sókè.

"Èmi ni."

"Oṣù méje."

"Oṣù méje. Mo bẹ̀ ẹ́, forí jì mí. Tí o ò bá sì lè forí jì mí, mi ò ní bá ẹ jà."

Ọkọ dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé.

"Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi ṣófo ní gbogbo Sátidé yẹn," ó ní. "Mo rò pé o kórìíra ariwo ọkọ̀ náà ni, mi ò pè ẹ́. Ìwọ náà ò béèrè."

Ó padà wá jókòó. Kò di ọwọ́ rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n kò lọ sílé títí àkókò ìbẹ̀wò fi tán, àwọn nọ́ọ̀sì sì bá a lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọkọ ń se oúnjẹ fún un, ó ń bá a pààrọ̀ aṣọ ojú egbò, kò sì sọ pé òun dárí jì í tàbí òun kò dárí jì í. Lẹ́yìn náà ó fi ọjọ́ méjì tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ó ní kí Abẹ́rẹ́ wọ bàtà. Wọ́n lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ọkọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní kó yàn. Abẹ́rẹ́ tẹ oríṣi mẹ́rin wò, ó sì gbé èyí tó rọ̀ jù lé ọkọ lọ́wọ́ kó lè tẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì gba ọ̀nà gbágungbàgun náà. Ìdí ọkọ̀ rọra ń mì. Ọkọ ń retí kí ìbàdí ta á, kò ta á, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń wakọ̀. Abẹ́rẹ́ rí i, kò sì wá ọ̀rọ̀ kankan láti fi bo ara rẹ̀.

Opó Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jáde sí wọn. Abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ti là á mú. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lórí ìdúró," ó ní. "Ọkọ yín retí ọkọ mi títí. Èmi ni mo fi irọ́ dá a dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí." Ó sì sọ gbogbo rẹ̀, kò fo nǹkan kan.

Opó náà wo ọkọ̀ náà, ó wo ọkùnrin tó dúró tì í.

"Mo gbọ́," ó ní. "Mi ò tíì mọ ohun tí mo máa sọ. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró sójú oòrùn, egbò yín ò tíì jinná. Ẹ wọlé."