Odó Tí Mo Gbé Lọ sí Borno

Ẹ yin Olúwa! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yìn ín dáadáa, nítorí bí mo ṣe dúró níwájú yín yìí, ó ṣì ń ṣe mí bí ẹni tó ń lá àlá. Ọlọ́run Ìkẹ̀rẹ́, Ọlọ́run Borno, mo dúpẹ́ o.

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa ní kí àwa mẹ́rin lọ yọ̀ǹda ara wa, ká máa dáná fún àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nítòsí ojú ogun, èmi ni mo gbé odó dání. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi débẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ, èmi ò ní ro ìyẹ̀fun iṣu dípò iyán fún ẹni tó ń jà fún wa.

Sójà kan wà nínú tẹ́ńtì, ọmọ Ìgbàrà-Odò tó wà nítòsí wa níbí. Bọ́ǹbù ló gbé e ṣubú. Ó ti di ọjọ́ kẹta tí kò lajú. Dókítà ní òun ti ṣe gbogbo èyí tí òun lè ṣe. Mò ń di ọwọ́ rẹ̀ mú, mò ń gbàdúrà, mò ń sunkún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, eruku ọyẹ́ bo gbogbo ibẹ̀, funfun báláú. N ò rí tẹ́ńtì, n ò rí mọ́tò. Mo kó iṣu sódó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gún un. Gbì! Gbì! Háà! Gbogbo sójà dojúbolẹ̀, wọ́n na ìbọn! Wọ́n rò pé ọ̀tá ti dé. Ọ̀gá wọn kan pariwo mọ́ mi, ojú tì mí. Mo fẹ́ gbé odó kúrò nígbà tí nọ́ọ̀sì ké láti inú tẹ́ńtì: "Màmá, ẹ má dá a dúró! Ìka rẹ̀ ń mì!"

Jésù! Mo gún iyán yẹn. Iṣu ti di iyán tán, mo ṣì ń gún un. Nínú eruku yẹn, n ò mọ̀ bóyá Borno ni mo wà tàbí ẹ̀yìnkùlé ìyá mi. Bí mo bá gbé ọmọ-odó sókè, màá ní "Jésù". Bí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀, màá ní "gbà á".

Nígbà tí mo wọlé, ojú rẹ̀ ti là. Ó wò mí, ó ní, "Yèyé, uyán mi dà?"

Mo ní, "Mò ń gbé e bọ̀, ọmọ mi." Dókítà ò jẹ́ kó fi nǹkan kan sẹ́nu ju omi lọ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀yin ará, ó ti ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ó mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo bí òun, ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́, síbẹ̀ Yèyé náà ló ń pè mí lórí fóònù. Gbogbo yín lẹ mọ iye ọdún tí mo fi kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, tí mò ń tọrọ ọmọ. Ẹ dìde, ẹ bá mi jó. Wọ́n ti ń pe èmi náà ní ìyá.