Ọwọ́ Bíréèkì Tó Rọ̀ Jù

[Ṣakí, ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́dún 1982. Fóònù ń dún ní pósọ́fíìsì. Mojọlá, akọ̀wé ibẹ̀, gbé e. Ràsáàkì, ẹ̀gbọ́n Ọ̀ṣẹ́nì ọkọ rẹ̀, tó ń tún màṣíìnì, ìyẹn alùpùpù, ṣe n'Íṣẹ́yìn, ló ń pè.]

ÒPERÉTỌ̀: Ìṣẹ́yìn, Ṣakí ti wà lórí ìlà. Ẹ máa sọ̀rọ̀.

RÀSÁÀKÌ: Hẹ́lò? Hẹ́lò! Ta nìyẹn?

MOJỌLÁ: Pósọ́fíìsì Ṣakí. Ta lẹ fẹ́—

RÀSÁÀKÌ: Mojọlá! Ìyàwó wa, èmi ni.

MOJỌLÁ: Háà, Bàbá Àdìjátù! Ẹ kú ọ̀sán sà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá Àdìjátù ńkọ́? Àwọn ọmọ—

RÀSÁÀKÌ: Àlàáfíà ni, alihamudulilai. Ọ̀ṣẹ́nì ńkọ́?

MOJỌLÁ: Ó wà dáadáa. Ẹnu rẹ̀ ò kúrò lára nǹkan tí ẹ fún un—

RÀSÁÀKÌ: Ṣé ó wà nílé?

MOJỌLÁ: Rárá o. Ó ti gbé màṣíìnì jáde láàárọ̀.

[ìlà ń ta pàràpàrà]

RÀSÁÀKÌ: Ṣé o gbọ́ mi? Màṣíìnì wo?

MOJỌLÁ: Èwo ló tún ní? Ńlá yẹn náà ni. Ẹ̀yin kọ́ lẹ fún un ní bíréèkì kejì fún ẹsẹ̀ iwájú? Ó ti dè é.

RÀSÁÀKÌ: Ó ti dè é? Òun fúnra rẹ̀?

MOJỌLÁ: Òun fúnra rẹ̀. Inú ẹ̀ ń dùn bí ọmọ tó wọ aṣọ Iléyá. Kálípà kan tó ń fún ẹsẹ̀ náà mọ́ wà lọ́tùn-ún, òmíràn wà lósì, gbogbo ẹ̀ ń dán.

RÀSÁÀKÌ: Páńpù ńkọ́?

MOJỌLÁ: Páńpù táyà?

RÀSÁÀKÌ: Páńpù bíréèkì! Èyí tó wà lórí háńdù, tí epo bíréèkì máa ń wà nínú ẹ̀.

MOJỌLÁ: Èyí tó ti wà níbẹ̀ náà ni. No problem, sà. Ó ní tẹ́lẹ̀ ọwọ́ bíréèkì le bí igi, àmọ́ ní báyìí, ìka kan ló fi ń fà á. Ó ní ó rọ̀ bí òwú.

[ìlà tún ń ta pàràpàrà]

MOJỌLÁ: Bàbá Àdìjátù? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

RÀSÁÀKÌ: Mo gbọ́. Rírọ̀ yẹn gan-an lẹ̀rù tó ń bà mí. Mojọlá, nǹkan méjì ni mo dì fún un. Kálípà, àti páńpù tó tóbi ju tiẹ̀ lọ. Mo ń gbá ṣọ́ọ̀bù báyìí ni mo rí páńpù lábẹ́ bẹ́ǹṣì, nínú bébà tí mo fi wé e. Kò mú un lọ.

MOJỌLÁ: Bóyá ó gbàgbé—

RÀSÁÀKÌ: Kò gbàgbé. Ó ti ń bá mi jiyàn pé kí ló ṣe èyí tó wà níbẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ti wọ̀ ọ́ létí.

MOJỌLÁ: Kí wá ló ṣe é?

RÀSÁÀKÌ: Ó kéré! Kálípà kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún. Epo tó lè tì jáde ò ju ti ẹyọ kan lọ. Ọ̀ṣẹ́nì wá fi ìkejì kún un. Kí epo tó ká méjèèjì, ọwọ́ bíréèkì á ti kan háńdù. Tó bá sì ti kan háńdù, ó tán. Kò síbi tó tún máa fà á dé.

MOJỌLÁ: Ṣùgbọ́n ó ti ń gùn ún kiri ìgboro—

RÀSÁÀKÌ: Ìgboro ò ní jẹ́ kó mọ̀. Ilẹ̀ títẹ́jú, òun nìkan, eré díẹ̀. Ọjọ́ tó bá gbé èèyàn sẹ́yìn, tó ń sọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí bíréèkì ti gbóná... Ibo ló lọ?

MOJỌLÁ: Àgọ́-Àrẹ.

RÀSÁÀKÌ: Kí ló lọ ṣe?

MOJỌLÁ: Ó lọ gbé... [ìlà ń ta] ...ìyá...

RÀSÁÀKÌ: Mi ò gbọ́! Ìyá ta?

MOJỌLÁ: Ìyá wa! Ojú ń dùn wọ́n. Dókítà ojú wà ní ọsibítù lónìí, ó lọ gbé wọn wá.

RÀSÁÀKÌ: Ìyá mi? Sẹ́yìn màṣíìnì yẹn?

MOJỌLÁ: Ẹ̀rù ti ń ba èmi náà o.

RÀSÁÀKÌ: Ọ̀nà wo ni wọ́n máa gbà wọlé?

MOJỌLÁ: Iwájú wa níbí ni. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ti òkè sọ̀ wá.

RÀSÁÀKÌ: Lá ìláhà... Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ? Rán an lọ sókè, kó dá wọn dúró kí wọ́n tó máa sọ̀. Kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn wálẹ̀.

MOJỌLÁ: Abọ́sẹ̀dé tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Abọ́sẹ̀dé! Jọ̀ọ́, sáré lọ sórí òkè, dá ọkọ mi dúró! Bíréèkì rẹ̀ ò dáa!

[àga ṣubú, ẹsẹ̀ ń sáré jáde]

ÒPERÉTỌ̀: Ìṣẹ́yìn, àsìkò yín ti fẹ́ pé.

RÀSÁÀKÌ: Ẹ bá mi fi kún un, ẹ jọ̀ọ́! Please! Mojọlá, ṣé o gbọ́ mi?

MOJỌLÁ: Mo wà níbí.

[ìró màṣíìnì lókèèrè]

RÀSÁÀKÌ: Kí ló ń dún yẹn?

MOJỌLÁ: Àwọn ni. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Mo ń rí wọn lójú fèrèsé. Abọ́sẹ̀dé ń juwọ́ sí Ọ̀ṣẹ́nì—Ọ̀ṣẹ́nì ń juwọ́ padà. Ó rò pé ó ń kí òun ni.

RÀSÁÀKÌ: Bíréèkì ẹ̀yìn nìkan ò lè mú ẹni méjì. Ṣé eré ẹ̀ ń dínkù?

MOJỌLÁ: Ó ń fa bíréèkì. Ó ń fà á—ó tún ń fà á—

RÀSÁÀKÌ: Kó dín jíà kù! Sọ fún un—

MOJỌLÁ: Ó ti ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀! Yéè! Ọ̀ṣẹ́nì!

[fóònù já bọ́ sórí tábìlì. Igbe. Ìró irin. Ẹ́ńjìnnì kú.]

RÀSÁÀKÌ: Mojọlá. Mojọlá! Ṣé o gbọ́ mi?

[ohùn ọ̀pọ̀ èèyàn níta, ẹnìkan gbé fóònù]

ABỌ́SẸ̀DÉ: Hẹ́lò? Abọ́sẹ̀dé ni. Mojọlá ti sáré jáde. Wọ́n ti ya wọ inú iyanrìn àwọn bíríkìlà.

RÀSÁÀKÌ: Ọ̀ṣẹ́nì ńkọ́?

ABỌ́SẸ̀DÉ: Ó ti dìde. Apá ẹ̀ kan ń rọ̀ dirodiro, àmọ́ ó ti dìde.

RÀSÁÀKÌ: Ìyá ńkọ́?

ABỌ́SẸ̀DÉ: Wọ́n ṣì wà nílẹ̀. Mojọlá gbé orí wọn lé itan. Ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ̀rọ̀.

RÀSÁÀKÌ: Kí ni wọ́n ń sọ?

ABỌ́SẸ̀DÉ: Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pè ṣáá. Ta ni Ràsáàkì, sà?

RÀSÁÀKÌ: Èmi ni. Èmi ni. Sọ fún wọn pé mo ti ń bọ̀ lọ́nà. Ṣé o gbọ́ mi? Sọ fún wọn pé Ràsáàkì ti—

[ìlà gé]