Ṣọ́ọ̀kì Tí Mo Nù Kúrò Lára Faradà

Òtítọ́ tí mo fi pamọ́ ti di ẹrù tí àyà mi kò lè gbé mọ́. Kí ó tó wó mi lulẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fúnra mi. Ẹ̀yin ọmọ ilé wa tí ẹ ń pè mí ní Bàbá Olótìítọ́, orúkọ náà kò tọ́ sí mi. Ẹ̀wù ẹlẹ́wù ni, mo sì ti wọ̀ ọ́ pẹ́ débi pé àwọn ènìyàn rò pé èmi ni wọ́n rán an fún.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ní ọ̀sẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ní ọdún tí wọ́n la ọ̀nà tuntun gba orí òkè tí ó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù wa. A ń to búlọ́ọ̀kù sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù ńlá tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa, èyí tí a ń pè ní Faradà, nígbà tí àbúrò mi, tí ó ń darí ilé-iṣẹ́ náà, jáde láti inú ọ́fíìsì. Ó wo bí ìdí ọkọ̀ náà ti ń wọ́lẹ̀, ó mi orí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ yìí ti ṣe tiẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ra òmíràn." Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí mi lára bí òkúta wẹ́wẹ́ ti ń bọ́ sínú bàtà. Èmi ni mo ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ọgbà àti ti ọkọ̀. Bí ọkọ̀ tuntun bá dé, ta ni yóò di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú? Ara mi ni mo bi ní ìbéèrè yìí, n kò bi ẹnikẹ́ni mìíràn, ibẹ̀ gan-an sì ni ibi ti wọlé tọ̀ mí wá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, èmi, àbúrò mi, mẹkáníìkì wa àti dírẹ́bà wa lọ sí ọgbà ọkùnrin kan tí ó ń ta ọkọ̀, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ẹ̀rín-kì-í-tán. Bí ó ti fojú kan mẹkáníìkì, ó ní, "Àna mi àtàtà, ṣé dáadáa lo dé?" Mo yí ojú sí mẹkáníìkì. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń tún ọkọ̀ wa ṣe, kò sì sọ ọ́ rí pé òun ní àna tí ń ta ọkọ̀. "Àbúrò ìyàwó mi ló fẹ́," ni ó wí, bí ẹni tí kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ náà sí abẹ́ ahọ́n.

Ọkọ̀ méjì ni ó wù wá láti yẹ̀ wò. Èkínní fẹ̀ léjìká, sípírìngì ẹ̀yìn rẹ̀ sì nípọn bí apá alágbẹ̀dẹ. A sọ ọ́ ní Eléjìká. Èkejì kò ga, kò sì láriwo, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún bí ẹni tí ń mí lójú oorun. A pè é ní Jẹ́jẹ́. Àbúrò mi gbá Eléjìká lẹ́yìn, ó ní, "Èyí ló máa gbé búlọ́ọ̀kù." Mẹkáníìkì ní, "Á gbé e lóòótọ́. Ṣùgbọ́n jíà irú ẹ̀ kì í dàgbà. Mo ti tú u palẹ̀ fáwọn èèyàn títí ó fi sú mi. Jẹ́jẹ́ ò lè gbé tó o, àmọ́ tó bá lọ, á bọ̀." Ẹ̀rín-kì-í-tán rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àna, ọjà mi lò ń bú yẹn o." Ẹ wo irú ọkàn tí mo ní: dípò kí n gbọ́ òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹni tí ń bú ọjà àna rẹ̀, mo ní eré ni wọ́n ń ṣe. Mo ní ẹni tí ó bá fẹ́ ta ọ̀kan nínú méjì fún ọ, yóò kọ́kọ́ bú èkejì.

Mo na ìka sí ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ilẹ̀kùn Jẹ́jẹ́. Mo ní, "Ìwọ̀n ẹrù tí ó lè gbé nìyí ní kíkọ. Kí ni a tún ń bi ènìyàn sí?" Mẹkáníìkì dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "Ẹ̀gbọ́n, ìwọ̀n yẹn, àtẹni tó jókòó síwájú ló wà nínú ẹ̀. Dírẹ́bà tó bá jẹun yó, ẹrù lòun náà." Dírẹ́bà wa, tí a ń pè ní Má-sáré nítorí pé kì í yára, tí ikùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, ní, "Ẹ kúkú yọ sípéà táyà, kẹ́ ẹ fi mí sílẹ̀." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín, nítorí ó dà bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ó kù kí a dúnàádúrà, mo ní, "Ẹ jẹ́ kí a ní sùúrù. Bí ọdún bá yí tí ọkọ̀ tuntun wọlé, ìwọ̀nyí yóò di àjẹkù ọjà, owó wọn yóò sì wálẹ̀." Mẹkáníìkì nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà tó dáa jù láti ra ọkọ̀ ni kí èyí tó wà nílẹ̀ tó pa èèyàn." Àbúrò mi wò mí. Kò já mi ní koro rí lójú ènìyàn. "A ó dúró bí ẹ̀gbọ́n ti wí," ni ó sọ, a sì padà sílé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ wọn. Bí mo bá wọ ọ́fíìsì, tí mo bá àbúrò mi, ìyàwó rẹ̀ àti mẹkáníìkì níbẹ̀, wọn a panu mọ́. Ní ọjọ́ kan mo gbọ́ ohùn ìyàwó náà kí n tó ṣí ilẹ̀kùn: "Ẹ rọra o. Tí wọ́n bá gbọ́ ọ báyẹn, inú á bí wọn." Bí mo ti yọjú, ó bẹ̀rẹ̀ sí tún aṣọ orí tábìlì tò, aṣọ tí kò wọ́. Inú ta ni yóò bí? Lórí kí ni? Mo dá a rò fúnra mi pé wọ́n fẹ́ fi ipá ra ọkọ̀, kí mẹkáníìkì rí tirẹ̀ gbà lọ́wọ́ àna, kí wọ́n sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. N kò bi wọ́n. Ẹni tí ó ti dájọ́ tán, kí ni ó tún fẹ́ fi ẹlẹ́rìí ṣe?

Ó yẹ kí ẹ mọ òfin kan tí bàbá wa fi lélẹ̀. Lábẹ́ ọkọ̀ ni ṣáṣì wà, irin gbọọrọ méjì tí ó gbé gbogbo ara ọkọ̀ dúró. Láràárọ̀ ni mẹkáníìkì máa ń wọ abẹ́ ọkọ̀, tí yóò fi òòlù kan irin náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tí ó bá pé a máa dún bí agogo. Èyí tí ó bá ti sán a máa dáhùn kúdú, bí ìkòkò tí ó ti fọ́. Ibi tí ó bá ti dún kúdú ni yóò fi ṣọ́ọ̀kì fa àgbélébùú sí. Ọkọ̀ tí ṣọ́ọ̀kì bá wà lára rẹ̀ kì í jáde. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè ìdí, ọwọ́ tí ó fà á nìkan ni ó sì lè nù ún. Nítorí náà, mẹkáníìkì kì í fi ẹnu ròyìn. Ṣọ́ọ̀kì ni ó ń bá a sọ ọ́.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, kí ọdún tó yí, mo dé ọgbà, mo rí i pé mẹkáníìkì ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, ó sì ti jáde lọ. Àbúrò mi wà lọ́dọ̀ kọ́ńtírátọ̀ kan tí ń retí sìmẹ́ǹtì lórí òkè. Wọ́n ti di ẹrù náà sẹ́yìn Faradà láti ìrọ̀lẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo abẹ́ rẹ̀: àgbélébùú funfun kan wà lẹ́yìn ibi tí dírẹ́bà ń jókòó. Mo wá ibi tí irin ti sán, n kò rí i. Mo fi àtàǹpàkò ra á, gírísì àti ẹrẹ̀ nìkan ni mo fọwọ́ kàn. Mo ní, "Ó tán. Wọ́n ti dé orí irọ́ pípa." Mo mú áńkáṣíìfù mi, mo tutọ́ sí i, mo sì nu ṣọ́ọ̀kì náà kúrò pátápátá. Bẹ́ẹ̀ ni, mo tutọ́ sí i. Èmi tí mo máa ń bá ọmọdé wí pé kí ó má tutọ́ sílẹ̀.

Má-sáré dé, ó kí mi, ó ní, "Ṣé ṣọ́ọ̀kì ò sọ nǹkan kan?" Mo ní, "Wò ó fúnra rẹ." Ó bẹ̀rẹ̀ tìkuntìkun, ó ń mí hẹlẹ, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bí ó ti máa ń pẹ́ lọ. Nígbà tí ó dìde, ó wo ojú mi. Ó ní, "Mi ò rí ṣọ́ọ̀kì." Mo na kọ́kọ́rọ́ sí i, ó sì gbà á.

Àárín òkè ni Faradà ti ṣẹ́ sí méjì. Iwájú rẹ̀ ga sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ wó lulẹ̀, ó sì yí gbirigbiri wọ kòtò, àpò sìmẹ́ǹtì sì wó lu ibi tí Má-sáré jókòó sí. Ó yè é, ṣùgbọ́n wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ní orúnkún.

Ẹ má rò pé èyí ni ó burú jù. Èyí tí ó burú jù ń bọ̀. Bí a ti pé jọ sí ọgbà, ni mẹkáníìkì wọlé, ó gbé irin pẹlẹbẹ kan lé èjìká, èyí tí ó lọ rà láti fi di ibi tí ó sán náà. Àbúrò mi bi í pé, "O mọ̀ pé ó ti sán?" Ó ní, "Mo mọ̀. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sí i." Àbúrò mi ní, "Dírẹ́bà ní òun wò ó, kò sí ṣọ́ọ̀kì." Mẹkáníìkì yí sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ dé. Ẹ̀yin ẹ sọ fún wọn." Gbogbo ojú wà lára mi. Ká ní mo sọ̀rọ̀ nígbà náà, ẹsẹ̀ kan nìkan ni à bá sọ nù. Mo ní, "Èmi kò rí ṣọ́ọ̀kì kankan." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ojú mi." Bàtà rẹ̀ ni mo wò. Ó sọ irin náà sílẹ̀, ó mú òòlù rẹ̀, ó lọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Mọ̀ọ́mọ̀-dákẹ́, olúkúlùkù sì kó ọkọ̀ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ iléèwé ni ó wá ń tún ṣe.

Ọdún yí, owó ọkọ̀ tí mo ní yóò wálẹ̀ tún gun òkè sí i. Àbúrò mi fi ìkánjú ra Eléjìká, jíà rẹ̀ sì kú kí òjò kejì tó dá, gẹ́gẹ́ bí mẹkáníìkì ti wí. Wọ́n tún jíà náà ṣe, àmọ́ lọ́dọ̀ wa, kò sí ẹni tí ń kan ṣáṣì mọ́.

Nísinsìnyí dókítà ti sọ fún mi pé ọkàn mi ti rẹ̀. Má-sáré wá kí mi, ó fi igi rẹ̀ ti ògiri, ó jókòó. Lẹ́yìn tí a ti sọ̀rọ̀ òjò àti ti ọmọ, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, abẹ́ Faradà dọ̀tí láti iwájú dé ẹ̀yìn lọ́jọ́ yẹn. Ibì kan ṣoṣo ló mọ́, ó ń dán bí àwo. Mo rí i. Mo ní bóyá epo ló ta sí i. Ẹ̀yin lẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́, mi ò lè bi yín." Mo bi í pé èéṣe tí kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ yìí. Ó ní, "Mo ń dúró kẹ́ni tó nù ún sọ fún mi."

Mo ránṣẹ́ pè wọ́n: àbúrò mi, ìyàwó rẹ̀, Má-sáré àti mẹkáníìkì. Mo jókòó nínú pálọ̀ mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ti kọ ọ́ síhìn-ín. Àbúrò mi fi ọwọ́ bo ojú. Mo bi ìyàwó rẹ̀ ohun tí wọ́n ń sọ lọ́jọ́ náà tí ó ní inú yóò bí mi. Ó sunkún kí ó tó dáhùn. Ó ní, "Ojú yín ni, ọkọ mi àgbà. Ẹ ò ríran dáadáa mọ́, ẹ sì ń wọ abẹ́ ọkọ̀. À ń wá bá a ṣe máa sọ fún yín pé kẹ́ ẹ lọ rí dókítà ojú."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ mi. Ojú tí kò rí ibi tí irin ti sán ni mo fi ń rí ọ̀tẹ̀ nínú ọkàn ènìyàn. Bí ẹ bá fura sí ẹnì kan, ẹ bi í léèrè ní ojúkojú, kí ọ̀rọ̀ náà tó gbẹ̀yìn mú yín nu ohun tí kì í ṣe ọwọ́ yín ni ó kọ ọ́.

Mo bẹ Má-sáré, ó ní òun ti gbọ́ ohun tí òun ń dúró dè. Mo bẹ mẹkáníìkì náà. Ó dìde. Ó wá sí ẹ̀gbẹ́ àga mi, ó fi egungun ìka kan apá àga náà, ó tẹ́tí sí i bí ó ti máa ń tẹ́tí sí irin. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ṣọ́ọ̀kì jáde. Ó yà mí lẹ́nu pé ó ṣì ń mú un kiri. Ó fa àgbélébùú kan sí apá àga náà, níbi tí ọwọ́ mi ti ń sinmi.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì dárí jì yín. Mi ò sì ní kí wọ́n lé yín. Ẹ jókòó síbẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá tún ohun tó sán láàárín wa ṣe tán, èmi náà ni màá nu ṣọ́ọ̀kì yìí." Lẹ́yìn náà ni ó yí sí àbúrò mi. "Kọ́kọ́rọ́ ọgbà dà?"

Àbúrò mi wò mí. Mo yọ ọ́ lápò, mo sì na án sí mẹkáníìkì. Ó gbà á, ó lọ kan ṣáṣì Eléjìká.