Àdúrà Ìborùn Mi Tí Jennifer Gbà

Ẹ gbé òwú yẹn kúrò lórí tábìlì mi, Bọ̀ọ̀dá Rótìmí. Ẹ gbé e kúrò. Ẹ ò tiẹ̀ tijú, ẹ ti Ìpọ̀nrí gbé òwú sínú ọ̀rá wá bá mi ní Yàbá, ẹ ní kí n bá ìyàwó yín hun ìborùn mìíràn, kí n ṣe é ní bòókẹ́lẹ́, kí Màmá má baà mọ̀. Kí Màmá má baà mọ kí ni? Pé olè ni ìyàwó yín?

Kí n rọra sọ̀rọ̀ kẹ̀? Nínú ilé ara mi? Ta ló hun ti àkọ́kọ́? Èmi Motọ́lání ni mo jókòó tì í, tí ọrùn ń ro mí, tí mo bá ṣi ojú kan hun, màá tú u padà dé ibi tó ti bàjẹ́. Gbogbo ihò ara ìborùn yẹn, àwọ̀n ẹja Ìwáyà ni mo wò ṣe é, mo wá jẹ́ kí etí ẹ̀ máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí omi ọ̀sà tó wà lẹ́yìn ilé tí wọ́n ti bí Màmá ní Ìwáyà. Ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ wọn ò lè gun afárá pákó ibẹ̀ mọ́. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń sunkún omi yẹn. Mo ní tí wọn ò bá lè débẹ̀ mọ́, kí wọ́n kúkú máa fi bora.

Iṣẹ́ ló dá mi dúró lọ́jọ́ ìbí wọn, ni mo bá ní kí Jennifer ìyàwó yín bá mi mú un lọ. Kó bá mi mú un lọ ni mo wí, mi ò ní kó sọ ọ́ di tiẹ̀. Ìgbà tí mo máa wọlé, ọwọ́ Màmá wà lórí Jennifer, omi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n ń wí pé ìwọ tó o gbé Ìwáyà wá bá mi nílé, ire tìẹ náà á máa wá ẹ wálé. Gbogbo ilé ń ṣe àmín. Ẹ̀yin náà ń ṣe àmín, ẹ sì mọ ẹni tó hun ún. Ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà o. Ó kàn tún kúnlẹ̀ dáadáa ni.

Ẹ ní kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀ nígbà yẹn? Kí n já àdúrà gbà lẹ́nu ìyá tó bí mi? Ó dùn mí, ẹ̀gbọ́n mi, ó dùn mí dọ́kàn. Tó bá jẹ́ aṣọ lásán ló jí, mi ò bá fi í sílẹ̀ fún un. Àdúrà mi ló gbà. Èmi tí mo jẹ́ ọkọ fún un nínú ẹbí yìí, tó ń pè ní Àǹtí mi, Àǹtí mi.

Ẹnu ẹ̀ náà ló kó bá a. Màmá ní kó hun irú ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n àwọn, ó ní ẹ̀ẹ́n mà, pé kò le rárá. Ẹni tí ò mọ bí wọ́n ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú.

Ẹ má bẹ̀ mí mọ́, mi ò bínú mọ́. Ẹ gba abẹ́rẹ́ mi, ẹ bá mi mú un fún un. Mo ti pe Màmá láàárọ̀. Mo ní Jennifer ní kí wọ́n wá jókòó ti òun, kí wọ́n wá wo bí òun ṣe ń hun ún. Inú wọn dùn, wọ́n ní àwọn á mú ẹ̀gbọ́n àwọn dání. Mo ti ní kí onímọ́tò lọ gbé wọn, wọ́n á ti wà ní pálọ̀ yín báyìí.

Fóònù ta lẹ tún ń wá? Ẹ jẹ́ kó máa hun ún.