Àsáró Tí Kò Níyọ̀

PÉJÚ: Hẹ́lò! Ẹ káàsán, Dádì.

DÁDÌ: Péjú! Kú iṣẹ́ o. Ìkẹjà ńkọ́? Jedidiah ọkọ ẹ ńkọ́? Ṣé ẹ—

PÉJÚ: A wà, a dúpẹ́. Dádì, kí ni dọ́kítà sọ láàárọ̀ yìí?

DÁDÌ: Ó ní kí n kí ẹ.

PÉJÚ: Dádì!

DÁDÌ: Ọmọlúàbí ni dọ́kítà yẹn.

PÉJÚ: Mọ́mì ti pè mí! Ẹkún ni wọ́n ń sun, network sì já. Ohun tí mo gbọ́ kò ju “BP” àti “wọ́n fẹ́ dá a dúró sí hospital” lọ. Ṣé ó ti tún gòkè ni?

DÁDÌ: Ó… gòkè díẹ̀.

PÉJÚ: Níbo lẹ ti lọ jẹun?

DÁDÌ: Ha! Èmi?

[ìró kùrùkùrù]

PÉJÚ: Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Mo ní níbo lẹ ti lọ jẹun! Nídìí ẹlẹ́ran ní Láfẹ́nwá, àbí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka Bíbélì fún gbogbo ìjọ!

DÁDÌ: Má fi Bíbélì kún un o!

PÉJÚ: Ẹ sọ òótọ́!

DÁDÌ: Ó dáa! Mo jẹ ẹ́! Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni mo lọ jẹ ní Láfẹ́nwá! Ṣé ó ti tẹ́ ẹ lọ́rùn?

MỌ́MÌ: [láti ọ̀nà jíjìn] Bàbá Péjú! Ẹ má parọ́ mọ́ra yín! Ẹ gbé fóònù yẹn wá!

DÁDÌ: Priscilla, fi mí—

[fóònù bọ́ sílẹ̀, gbàà!]

MỌ́MÌ: Péjú, ṣé o gbọ́ mi? Ọkọ mi ò jẹ nǹkan kan níta. Àsáró tó o kọ́ mi ló ń jẹ, lójoojúmọ́ ayé.

PÉJÚ: Àsáró mi kọ́! Ṣé iṣu tó wọ́n bí ojú wà nínú ẹ̀ ni? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ò tíì pọ́n ni. Ṣíbí epo kan péré, ẹ̀fọ́, ẹja ṣáwá. Iyọ̀, zero! Jedidiah tóun náà ní BP ń jẹ ẹ́, ara ẹ̀ ń dán! Ẹ̀yin lẹ bu iyọ̀ sí i, Mọ́mì! Àánú ọkọ yín ṣe yín!

MỌ́MÌ: Ìwọ ọmọ yìí, èmi lò ń pariwo mọ́? Gbogbo iyọ̀ ilé yìí ni mo kó fún Àfúsá, ará ilé kejì! Ẹyin sísè gan-an, lásán là ń jẹ ẹ́!

PÉJÚ: Kí wá ló—

MỌ́MÌ: Ta ló ní, “Mọ́mì, kó má bàa tẹ́, ẹ fi magí mẹ́ta sí i”?

PÉJÚ: Ẹ̀n-ẹ́n! Magí! Ṣé mo sọ iyọ̀ ni?

MỌ́MÌ: Nọ́ọ̀sì ní kí n ka ohun tí mo fi ń sè é. Bí mo ṣe dé orí magí, igbe ló fi ta! Ó ní iyọ̀ ló kún inú ẹ̀!



PÉJÚ: Magí kẹ̀?

MỌ́MÌ: Iyọ̀ tí wọ́n wé ní bébà! Bàbá ẹ ló ní a ò gbọdọ̀ sọ fún ẹ, pé ojú á tì ẹ́. Ẹlẹ́dẹ̀ tí kò jẹ ló ń jẹ́wọ́ ẹ̀ yẹn!

PÉJÚ: Dádì… ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

DÁDÌ: [láti ọ̀nà jíjìn] Màá bínú! Ó dùn! Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn! Ó dùn ju ti iṣu lọ!

MỌ́MÌ: Ẹ dákẹ́ ná! Péjú, ọjọ́ wo ni Jedidiah ti wọn BP ẹ̀ kẹ́yìn?

PÉJÚ: Ó… ó ní ara òun ń dán.

MỌ́MÌ: Kí lo dì fún un lọ síbi iṣẹ́ lónìí?

PÉJÚ: Àsáró.

MỌ́MÌ: Magí mélòó?

[ìró kùrùkùrù]

MỌ́MÌ: Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní magí mélòó!

PÉJÚ: Mọ́mì, ẹ mọ̀ pé Jedidiah ò fẹ́ràn oúnjẹ tó bá tẹ́—

MỌ́MÌ: Mélòó!

PÉJÚ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n pè é! Aago oúnjẹ ọ̀sán ti lù! Ó lè ti máa ṣí kúlà oúnjẹ ẹ̀ báyìí—

MỌ́MÌ: Péjú! Péjú, ṣé o gb—

[fóònù já]