Àwọn Tí A Ò Kà

[Ariwo ọkọ̀]

ÌYÁ: Hẹ́lò? Akọ̀wé mi, ṣé dáadáa lo jí?

ỌMỌ: Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ara yín ńkọ́?

ÌYÁ: A dúpẹ́. Kí ló dé tó o ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́? Gbogbo ìgbà tí mo bá pè ọ́ láàárọ̀, bí ẹni tó fara pamọ́ ni.

ỌMỌ: Ọ́fíìsì ni mo wà.

ÌYÁ: Ní kùtùkùtù yìí?

ỌMỌ: Iṣẹ́ ìkànìyàn yẹn ni. À ń ka àwọn tí ò nílé nígboro. Abẹ́ afárá, iwájú ṣọ́ọ̀bù—

ÌYÁ: O ti sọ fún mi. Ẹ kú iṣẹ́. Gbọ́, mo ti wọkọ̀. Mò ń bọ̀ wá wo yàrá tuntun tó o gbà. Ṣé o gbọ́ mi?

[Ìlà ń já]

ÌYÁ: Ṣé o gbọ́ mi?

ỌMỌ: Mo gbọ́ yín. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀ níbùdókọ̀ tó kàn. Network ò dáa, màá ṣàlàyé—

ÌYÁ: Kí n sọ̀kalẹ̀ kẹ̀? Ṣé ọkùnrin ló wà níbẹ̀? Sọ fún mi, mi ò ní bú ọ.

ỌMỌ: [Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀] Kò sí ọkùnrin. Ì bá tiẹ̀ sàn.

ÌYÁ: Kí ló wá dé?

ỌMỌ: Lánàá, mo bi ìyá kan níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ pé níbo ló sùn mọ́jú. Ó fi páálí rẹ̀ hàn mí. Ló bá ní, "Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi, níbo lo sùn?" Mo yáa kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn.

ÌYÁ: Ohùn rẹ ń já. Kò yé mi.

ỌMỌ: Wọ́n ta ilé tí mò ń gbé, Màmá. Onílé tuntun lé gbogbo wa jáde. Kò sí yàrá kankan. Inú yàrá tí a ń kó ẹrù sí ní ọ́fíìsì ni mò ń sùn. Ọdẹ nìkan ló mọ̀.

[Ariwo ọkọ̀ pọ̀ sí i]

ỌMỌ: Màmá? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÌYÁ: Mo gbọ́. Ṣé wọ́n ka ìwọ náà mọ́ wọn?

ỌMỌ: Rárá. Mo bi ọ̀gá wa, mo ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ni. Ó ní àwọn tó ń sùn níta nìkan là ń kà, ẹni tí òrùlé bá ti wà lórí rẹ̀, ká fi sílẹ̀. Mi ò sí lára àwọn tó nílé, mi ò sì sí lára àwọn tí ò ní.

ÌYÁ: O wá ń sọ fún mi pé fèrèsé yàrá tuntun ọ̀hún kọjú sí ọgbà òdòdó.

ỌMỌ: Ẹ má bínú. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ máa ronú.

ÌYÁ: Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ tó o bá délé... tó o bá débẹ̀?

ỌMỌ: Kò sẹ́ni. Mo máa ń tan rédíò fóònù, kí n lè gbóhùn èèyàn.

ÌYÁ: Ó dáa. Ilẹ̀ ibẹ̀, ṣé ó gba ẹni méjì?

ỌMỌ: Ó gbà, tí mo bá sún àwọn ẹrù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n Màmá, tí ọ̀gá bá rí wa—

ÌYÁ: Sún wọn. Ẹní wà lọ́wọ́ mi. Tí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́, àwa méjèèjì la jọ máa wá yàrá kiri. Ṣé o gbọ́ m—

[Ìlà já]

ỌMỌ: Mo gbọ́ yín. Màmá? Mo ti ń sún wọn.